Oògùn ADHD Wà Nínú Dúrọ́ọ̀ Mi, Mi Ò Tíì Ṣí I

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Àǹtí wa. Ọmọ mi ọkùnrin pé ọdún 5 àti oṣù 4 lọ́sẹ̀ yìí. Látìgbà tó ti mọ ìrìn rìn ni kì í ti í jókòó, a kàn máa ń sọ pé ara ẹ̀ le ni, ṣùgbọ́n bó ṣe wọ ilé ìwé báyìí ni ọ̀rọ̀ wá di wàhálà. Kò sí ọ̀sẹ̀ tí tíṣà ẹ̀ kì í pè mí, bí ò bá gun tábìlì á ti ọmọ ọlọ́mọ ṣubú, tí wọ́n bá ń ka ìtàn fún wọn òun á ti dé ẹnu ọ̀nà. Lóṣù tó kọjá ó já ọwọ́ ẹ̀ gbà mọ́ mi lọ́wọ́, ó sáré bọ́ sójú títì, Ọlọ́run ló ní kí ọkọ̀ yẹn tètè dúró.

A lọ rí dọ́kítà, wọ́n fún èmi àti tíṣà ní fọ́ọ̀mù, wọ́n ní ADHD ni, ìyẹn ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè jókòó jẹ́ẹ́ tàbí kó ọkàn jọ, ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n sì kọ oògùn methylphenidate fún wa. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ 3 tó ti wà nínú dúrọ́ọ̀ mi, mi ò tíì ṣí i. Dádì ẹ̀ ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe ọmọ òun, pé bí òun náà ṣe rí ní kékeré nìyẹn. Ìyá ọkọ mi ní oògùn yẹn á sọ ọmọ di òkú òòyè, pé tó bá dàgbà oògùn olóró ló máa wá kiri. Tíṣà ní tí a ò bá fún un ní oògùn, àwọn ò mọ̀ bóyá àwọn á lè máa gbà á lọ. Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí mo bá fún un tí nǹkan wá ṣe é ńkọ́, tí mi ò bá sì fún un tí ọkọ̀ gbá a ńkọ́?

Ìyá Tí Ò Rí Oorun Sùn

ÌDÁHÙN

Ìyá mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìfaradà. Ìbéèrè méjì tí ẹ fi parí lẹ́tà yín yẹn, èmi náà ti bi ara mi rí. Ọmọ mi ọkùnrin ní ADHD, mo rántí òru tí mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ní aago 2, mo tẹ́ ìwé pélébé inú páálí oògùn yẹn sórí itan, mò ń ka gbogbo nǹkan tó lè ṣe ọmọ láti òkè délẹ̀, tí mo bá kà á tán màá tún bẹ̀rẹ̀. Mi ò kì í ṣe dọ́kítà o, mò ń bá yín sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá tó sì ti kàwé lé e lórí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi kíá. Ẹ jẹ́ kí oògùn yẹn ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ ná, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì í, ẹ má sì jù ú nù. Oògùn yẹn kì í ṣe májèlé, ohun kan ló wà tó yẹ kó ṣáájú ẹ̀ fún ọmọ ọdún 5, ẹnikẹ́ni ò sì tíì fún yín.

Ẹgbẹ́ àwọn dọ́kítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà, American Academy of Pediatrics, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn ti 2019 pé fún ọmọ ọdún 4 títí di ìgbà tó máa fi pé 6, ohun àkọ́kọ́ ni kí wọ́n kọ́ àwọn òbí ní bí wọ́n ṣe ń darí ìwà ọmọ tó ní ADHD, kí tíṣà náà ṣe tiẹ̀ ní kíláàsì, tí ìyẹn ò bá tu irun kan tí ìṣòro sì ṣì pọ̀ ni kí wọ́n tó ronú kan methylphenidate. NICE tó ń ṣe ìlànà ìtọ́jú ní Ìlú Ọba náà sọ ọ́ ní 2018 pé ọmọ tí ò tíì pé 5 ò gbọdọ̀ gba oògùn ADHD àfi tí dọ́kítà àgbà mìíràn bá kọ́kọ́ dá sí i, tó bá sì ti pé 5, kí wọ́n kọ́kọ́ tún nǹkan tó yí i ká ṣe nílé àti níléèwé, kí wọ́n wá wò ó bóyá wàhálà ṣì kù. Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni wọ́n fo ìgbésẹ̀ yìí fún o, ìwádìí kan tó jáde ní Amẹ́ríkà ní 2025 yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ ọdún 3 sí 5 tó lé ní 9,000 wò, gbogbo wọn ni dọ́kítà ti sọ pé wọ́n ní ADHD, nǹkan bí 42 nínú 100 ló sì ti gba oògùn kí oṣù kan tó pé.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń fà á sẹ́yìn fún àwọn kéékèèké? Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní PATS, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2006, ló là wá lójú. Ọmọ 303 ni wọ́n mú, láti ọdún 3 sí 5 àtààbọ̀, kí wọ́n sì tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn wọ́n kọ́ àwọn òbí fún ọ̀sẹ̀ 10, ẹ wá gbọ́ o, àwọn ọmọ kan sàn nídìí ẹ̀kọ́ òbí yẹn nìkan débi pé wọn ò dé ìdí oògùn rárá. Lára àwọn tó lò ó, oògùn yẹn ṣiṣẹ́, irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n agbára ẹ̀ ò tó bó ṣe máa ń rí lára àwọn ọmọ tó ti ju ọdún 6 lọ, ìyọnu tó bá a wá sì pọ̀ jù, bí 11 nínú 100 ló fi í sílẹ̀ torí ohun tó ń ṣe lára wọn, wọn ò jẹun, wọn ò sùn dáadáa, wọ́n ń sunkún lórí ohun tí ò tó nǹkan. Ìdàgbàsókè wọn náà falẹ̀, gíga wọn àti bí wọ́n ṣe wúwo.

Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá ti dárúkọ ẹ̀kọ́ òbí báyìí, ọkàn ìyá á kọ́kọ́ gbọgbẹ́, bíi pé wọ́n ní ẹ ò mọ ọmọ tọ́. Ẹ má gbà á bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀nà tí gbogbo wa fi ń tọ́ àwọn ọmọ yòókù ni kì í wọ ọmọ ADHD lára. Ẹ wo tèmi. Àràárọ̀ ni mo máa ń dúró sí kíṣìnì tí màá máa pariwo, "Lọ wọ bàtà ẹ, mú báàgì ẹ, ṣé o ti fọ ẹnu, a ti pẹ́ o!" Ọmọ á lọ, á pẹ́, á wá padà dé pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan àti ìdérí ìgò kan tó rí nílẹ̀, inú ẹ̀ á máa dùn pé òun fẹ́ fi ìdérí yẹn hàn mí, èmi á sì gbaná jẹ. Obìnrin tó kọ́ wa ní kí n dìde lọ bá a níbi tó wà, kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wa á fi ṣe mẹ́rin, kí n gbọ́wọ́ lé e léjìká, kí n sọ nǹkan kan ṣoṣo, "Bàtà," kí n wá pa ẹnu mọ́, kí n máa ka 1 dé 5 nínú. Ẹ ò lè mọ bó ṣe le tó fún ìyá láti dákẹ́ títí á fi ka 5! Tó bá ti ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, lójú ẹsẹ̀ ni kí n yìn ín, kí n dárúkọ ohun tó ṣe gan-an, "O wọ bàtà ẹ bí mo ṣe sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan!" Ìgbà yẹn ló tó wá kan báàgì. Ọ̀sẹ̀ kẹta la tó jáde nílé láàárọ̀ láìsí ariwo kankan, bí mo ṣe jókòó sínú mọ́tò tán mi ò lè ṣáná sí i, ẹkún ló gbà mí.

Ohun tí wọ́n ń kọ́ni ju ìyẹn lọ o, bí ẹ ṣe máa mọ ìwà tó yẹ kẹ́ ẹ gbójú kúrò lára ẹ̀ àti èyí tó yẹ kẹ́ ẹ dá dúró lójú ẹsẹ̀, bí ẹ ṣe máa fún un ní ìyà kékeré tí ò ní pẹ́ láìsí ẹgba láìsí èébú. Níléèwé kí tíṣà gbé e jókòó sítòsí ara wọn, kí wọ́n gé iṣẹ́ ẹ̀ sí wẹ́wẹ́, kí òun ló máa pín ìwé fún àwọn yòókù torí á fi ìyẹn rí ààyè dìde, kí wọ́n sì máa fi káàdì kékeré kan ránṣẹ́ sílé lójoojúmọ́ tí wọ́n sàmì sí lórí nǹkan méjì péré, bíi "mi ò ti ẹnikẹ́ni" àti "mo jókòó títí ìtàn fi parí." Tó bá gba àmì, ẹ bá a ṣeré tó bá fẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ̀yin fúnra yín, láìsí fóònù lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ títì yẹn ò lè dúró de ọ̀sẹ̀ 10 ṣá. Láti òní lọ, ọrùn ọwọ́ ẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa dì mú, ẹ má di ìka mú, ìka ló máa ń yọ̀ bọ́, báàgì ọmọdé tó ní okùn tí òbí ń dì mú sì wà, ẹ má jẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni tì yín láti lò ó. Ẹ gbé ìdè géètì sókè níbi tí ọwọ́ ẹ̀ ò lè dé. Tí ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tó jẹ́ pé ó ṣì ń sá bọ́ sójú títì, ó ṣì ń ṣe ọmọ mìíràn léṣe, ẹ má dúró de ọjọ́ ìbí ọdún 6 o, ìlànà ti 2019 yẹn náà sọ pé kí dọ́kítà fi ewu oògùn fún ọmọ tí ò tíì pé 6 wé ewu tó wà nínú kí ìtọ́jú pẹ́. Ìdúró náà ní ewu tiẹ̀, àwọn tó ń dẹ́rù bà yín nílé ò ka ìyẹn mọ́ ọn.

Àwọn nǹkan kan tún wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Etí ẹ̀ ńkọ́, ojú ẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó máa ń hanrun lóru bí àgbàlagbà, tí èémí á fẹ́ dí díẹ̀, torí ọmọ tí ò sùn dáadáa kì í lọ́ra lọ́sàn-án bíi tiwa, ṣe ló máa ń sáré kiri. Ṣé ó máa ń tẹjú mọ́ ibì kan fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan tí kò ní gbọ́ orúkọ ẹ̀, ìyẹn lè jẹ́ irú wárápá kan. Ṣé òun ló kéré jù ní kíláàsì? Ẹ má fojú kéré ìyẹn o, ìwádìí tó jáde nínú New England Journal of Medicine ní 2018 rí i pé níbi tí wọ́n ti ń fi ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án pààlà ọjọ́ orí ilé ìwé, àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù kẹjọ, tí wọ́n jẹ́ àbíkẹ́yìn kíláàsì, fi nǹkan bí 34 nínú 100 ju àwọn ọmọ oṣù kẹsàn-án lọ lẹ́ni tí wọ́n ní ó ní ADHD. Ọdún kan gbáko ni àgbà kíláàsì fi jù wọ́n lọ, bí wọ́n ṣe ń fo kiri lè jẹ́ ti ọjọ́ orí lásán. Ní ti ọkàn, kí ẹnikẹ́ni tó fún un ní oògùn, kí wọ́n bi yín bóyá ó ti dákú rí níbi tó ti ń sáré, àti bóyá ẹnì kan nínú ẹbí kú lójijì ní kékeré, kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, bí ọkàn ẹ̀ ṣe ń lù, gíga ẹ̀ àti bó ṣe wúwo. Tí wọn ò bá ṣe ìwọ̀nyí lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ, ẹ ní láti padà.

Ó wá kan ìyá ọkọ yín. Ẹ fọ̀wọ̀ wọ̀ wọ́n, ẹ̀rù ọmọ ọmọ wọn ló ń bà wọ́n. Methylphenidate kì í ṣe oògùn oorun, ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jẹ́ kí èròjà méjì tí ọpọlọ fi ń ránṣẹ́, dopamine àti noradrenaline, pẹ́ díẹ̀ sí i níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, kí ọmọ lè rí ọkàn ẹ̀ kó jọ. Kì í ṣe oògùn àná, wọ́n ti ń tà á láti nǹkan bí 1955, Ritalin lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Tí ọmọ bá wá rí bí òkú òòyè lóòótọ́, tó kàn jókòó tí kò rẹ́rìn-ín mọ́, ó lè jẹ́ pé ó ti pọ̀ jù fún un tàbí pé kò bá a lára mu, ẹ ò gbọdọ̀ fara dà á, dọ́kítà lẹ máa pè. Ní ti oògùn olóró, àwọn tó tẹ̀ lé àwọn ọmọ tó lo oògùn yìí títí wọ́n fi dàgbà ò rí i pé ó ń tì wọ́n sínú ẹ̀. Ọwọ́ ẹlòmíràn ló yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù, ẹ̀gbọ́n tàbí àlejò tó lè jí i lò, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kẹ́ ẹ ti dúrọ́ọ̀.

Ọ̀rọ̀ dádì ẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. "Bí èmi náà ṣe rí ní kékeré nìyẹn." Ìyá mi, ẹ̀rí nìyẹn o! ADHD wà lára àwọn nǹkan tó máa ń tẹ̀ lé ìdílé jù lọ. Lálẹ́ tí ara bá tù yín méjèèjì, ẹ bi wọ́n tìfẹ́tìfẹ́ pé báwo ni ilé ìwé ṣe rí fún wọn nígbà yẹn, ẹgba mélòó ni wọ́n ń jẹ lọ́sẹ̀, kí ni àwọn tíṣà máa ń pè wọ́n. Ọkọ tèmi dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́ nígbà tí mo bi í, ó wá ní, "Olódo ni wọ́n ń pè mí, mo sì gbà wọ́n gbọ́." Látọjọ́ yẹn ni òun gan-an ti ń gbé ọmọ lọ rí dọ́kítà.

Tíṣà ò láṣẹ láti fi oògùn dúnàá dúrà pẹ̀lú yín, ní Amẹ́ríkà òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2004 kà á léèwọ̀ kí òṣìṣẹ́ iléèwé ìjọba sọ irú oògùn yìí di dandan kí ọmọ tó lè wá kíláàsì. Ẹ má bá wọn jà ṣá, ó ti rẹ àwọn náà, ẹ gbé ọ̀rọ̀ káàdì ojoojúmọ́ yẹn lọ bá wọn.

Tí gbogbo ẹ̀ bá wá já sí pé kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ má rò pé ẹ ti búra. Èyí tí kì í pẹ́ lára, wákàtí 3 sí 4 ló ń lò, tó bá di alẹ́ ó ti ń tán lára ọmọ. Kẹ́ ẹ tó fún un ní àkọ́kọ́, ẹ kọ nǹkan mẹ́ta tẹ́ ẹ fẹ́ kó yí padà sínú ìwé, ẹ kọ iye ìgbà tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan báyìí, kí tíṣà náà kọ tiẹ̀, torí láìsí ìwé yẹn, ìfẹ́ àti ẹ̀rù ló máa bá yín ka èsì. Tí dọ́kítà bá gbà, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé tẹ́ ẹ máa wà lọ́dọ̀ ẹ̀ látàárọ̀. Èyí tó kéré jù lọ ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kí wọ́n máa fi kún un. Ẹ jẹ́ kó jẹun àárọ̀ yó kó tó lò ó, torí ọ̀sán lè dé kó má fẹ́ jẹ nǹkan kan. Tí wọ́n bá fẹ́ fún un ní èyí tó ń pẹ́ lára, ẹ béèrè ìdí, nítorí ní oṣù kẹfà 2025 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ní kí wọ́n kọ ìkìlọ̀ sára irú èyí pé àwọn ọmọ tí ò tíì pé 6 máa ń rù nídìí ẹ̀. Kí wọ́n máa wọn bó ṣe wúwo lóṣù 3-3, gíga ẹ̀ lóṣù 6-6.

Ìtọ́jú tó ń tẹ̀ lé oògùn yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ di mú ju oògùn gan-an lọ. Ní 1999, wọ́n gbé èsì ìwádìí MTA jáde lórí ọmọ 579, ọdún 7 sí 9, àwọn tí dọ́kítà ń rí lóṣooṣù tí wọ́n ń tún oògùn wọn ṣe bó ṣe yẹ ṣe dáadáa ju àwọn tó lọ gba ìtọ́jú níta fúnra wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àwọn ará ìta yẹn náà ń lo oògùn! Dọ́kítà tó bá kọ ọ́ tó ní ẹ padà wá lẹ́yìn oṣù 6, ẹ wá òmíràn.

Ọmọ tèmi ti pé 7 kó tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, bó bá ti di aago 4 ìrọ̀lẹ́ tí oògùn ń tán lára ẹ̀, pẹ́ńsù á ṣẹ́ á sì sunkún fún odindi ìdajì wákàtí, a sọ fún dọ́kítà, wọ́n yí i padà sí èyí tó ń pẹ́ lára, ẹkún yẹn sì lọ. Àyípadà tí mo kọ́kọ́ rí kì í ṣe ti ìwé rárá. Ó jókòó tì mí, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níléèwé fún mi, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó dé àárín, ó sì parí ẹ̀. Ọdún 7 ni mo ti ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn lẹ́nu ọmọ yẹn. Bàtà ẹsẹ̀ kan ṣì ń sọnù o, oògùn kì í kọ́ ọmọ ní ibi tí bàtà wà.

Lọ́la, ẹ pe dọ́kítà yín, ẹ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ ẹ̀kọ́ òbí, "parent training in behavior management" ni wọ́n ń pè é, ẹ fẹ́ àyẹ̀wò etí, ojú, oorun àti ọkàn, ẹ sì fẹ́ padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 10 kẹ́ ẹ jọ wo ohun tó ti yí padà. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ títì náà fún wọn, ẹ má bò ó.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ọmọ mi obìnrin pé ọdún 8, ADHD tiẹ̀ kì í ṣe ti fífò kiri, jẹ́jẹ́ ló ń jókòó, ọkàn ẹ̀ ni kì í sí níbẹ̀. Ó ti lo oògùn fún ọdún kan àtààbọ̀, ó ń ṣe dáadáa. Ìyàwó mi fẹ́ ká dá a dúró nígbà hólídè torí ó ti rù díẹ̀. Ṣé kò léwu?

Bàbá Ọmọbìnrin

ÌDÁHÙN

Ẹ ṣeun bàbá, inú mi dùn pé ẹ rí ti ọmọbìnrin yìí, àwọn jẹ́jẹ́ báyìí ni wọ́n máa ń gbójú fò jù. Ó dá lórí irú oògùn tó ń lò. Tó bá jẹ́ methylphenidate, ọ̀pọ̀ dọ́kítà máa ń gbà kí ọmọ sinmi lórí ẹ̀ nígbà hólídè kó lè jẹun kó sì ga, ẹ kàn jọ sọ ọ́ ṣáájú. Tó bá jẹ́ guanfacine tàbí clonidine, ẹ má dá a dúró lójijì láé, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè fò sókè, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù. Atomoxetine ní tiẹ̀, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó mú nínú ara, tẹ́ ẹ bá dá a dúró fún hólídè, ìbẹ̀rẹ̀ lẹ máa padà sí.

Lọ́dọọdún ló yẹ kí dọ́kítà bá yín yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì nílò ẹ̀. Ẹ má fi ìyẹn sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò tàbí ọ̀sẹ̀ tó ń wọ kíláàsì tuntun. Kẹ́ ẹ sì bi òun náà o, ọmọ ọdún 8 mọ ara ẹ̀, ẹ bi í pé báwo ni inú orí ẹ̀ ṣe máa ń rí lọ́jọ́ tó bá lò ó àti lọ́jọ́ tí kò bá lò ó, kí ìyá ẹ̀ náà wà níbẹ̀ tó bá ń dáhùn.